Ìdí Tí Ìgò Inú Ẹ̀rọ Orin Fi Ń Pọ́n Kó Tó Kọrin

Nígbà láéláé, nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì lẹ́nu, tí kòkòrò sì ń bá ènìyàn ṣàwàdà, kò sí ìgò kankan nínú ẹ̀rọ orin. Orin kì í yà síbì kankan lọ́nà. Bó ṣe ń jáde lára àwo orin ló ń bọ́ sẹ́nu Gbohùngbohùn, Gbohùngbohùn á sì ju ariwo rẹ̀ síta.

Ní ayé ìgbà náà, tọkọtaya àgbà kan wà ní ìlú Òkè-Etí. Ọkọ ń jẹ́ Ògúndèjì, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe. Ìyàwó ń jẹ́ Àjíkẹ́. Àyọ̀ká ni orúkọ ọmọ wọn obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ, nítorí náà Bàbá Àyọ̀ká àti Ìyá Àyọ̀ká ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n.

Nígbà tí Ìyá Àyọ̀ká wà lọ́mọge, kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọrin tí ẹ kò ní í bá a. Bí orin bá ń lọ létí odò, á dé ibẹ̀. Bó bá ń lọ lórí òkè, á gun òkè náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, orúnkún rẹ̀ kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ìrìn rẹ̀ wá kù sí láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé.

Bàbá Àyọ̀ká rí i pé ẹ̀rín ti ń wọ́n lẹ́nu ìyàwó òun. Ó ní, "Àjíkẹ́ mi, bí ẹsẹ̀ rẹ kò bá lè lọ bá orin mọ́, orin á wá bá ọ nínú ilé."

Ó gbé àpótí aṣọ tó rẹwà jù nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó lọ fi ṣe pàṣípààrọ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ orin wálé.

Ẹ̀rọ náà dára lójú. Àwo orin dúdú bíríkítí kan wà lórí rẹ̀ tó ń yí bí òkòtó. Abẹ́rẹ́ ló ń jókòó lórí àwo náà, tó ń ṣa orin bí ẹyẹ ṣe ń ṣa ọkà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni Gbohùngbohùn wà, àpótí ńlá ẹlẹ́nu gbàgàdà.

Ohùn Abẹ́rẹ́ kò ju ti èèrà tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìkòkò lọ. Ní ti Gbohùngbohùn, bó bá sín lásán, eruku á já bọ́ láti orí àjà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, Bàbá Àyọ̀ká gbé àga fún ìyàwó rẹ̀, òun náà jókòó tì í. Àwo bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Abẹ́rẹ́ ṣa orin, ó fi ohùn kékeré rẹ̀ wí pé, "Olùfẹ́ mi, jókòó, ká jọ gbádùn."

Gbohùngbohùn gbọ́ díẹ̀, kò gbọ́ díẹ̀. Ó la ẹnu, ó ké gbàì: "OLÙFẸ́ MI, JÓ KÓ O ṢUBÚ, KÁ JỌ GBÁDÙN!"

Ìyá Àyọ̀ká wo orúnkún rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Àyọ̀ká, ta lẹ ní kó máa bú mi nínú ilé mi?"

"Jọ̀ọ́, má bínú," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Bóyá èyí tó kàn ló dáa."

Abẹ́rẹ́ ṣa èyí tó kàn. Ó ní, "Ọkọ mi, orí rẹ pé."

Gbohùngbohùn ní, "ỌKỌ MI, ORÍ RẸ PÁ!"

Bàbá Àyọ̀ká fọwọ́ ra àtàrí. "Mo mọ̀ pé ó pá," ló wí, "ṣùgbọ́n ṣé gbogbo àdúgbò ló yẹ kó gbọ́ ọ ni?"

Ní ẹ̀yìnkùlé, ewúrẹ́ já okùn. Adìẹ fi ẹyin tó ń sàba lé lórí sílẹ̀, ó sá wọ abẹ́ ibùsùn. Aládùúgbò kan yọrí lókè ọgbà, ó ní, "Ìyá Àyọ̀ká, ṣé kò sí o? Ṣé ẹ̀ ń jà ni?"

Bàbá Àyọ̀ká yára dá ẹ̀rọ dúró. Ni ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín Abẹ́rẹ́ àti Gbohùngbohùn.

"Etí rẹ ló di!" ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Ẹnu rẹ ló kéré!" ni Gbohùngbohùn dáhùn. "Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lo ṣe ń sọ̀rọ̀. Kí lo fẹ́ kí n gbé síta? Òfìfo?"

Ìrọ̀lẹ́ kejì kò yàtọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e tún burú jù. Ìyá Àyọ̀ká di etí, orí ń fọ́ ọ. Ó ní, "Bàbá Àyọ̀ká, ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó mi. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi rà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e jáde. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tẹ́ mi lọ́rùn."

Ọ̀rọ̀ yìí dun ọkùnrin náà. Ó kọjú sí ẹ̀rọ. Ó ní, "Ẹ gbọ́ mi o. Bí ọjà Òkè-Etí bá fi tún ná tí ẹ kò tíì mọ orin kọ, màá tú Gbohùngbohùn palẹ̀, màá fi pákó rẹ̀ kan ilé adìẹ."

Lábẹ́ ibùsùn, Adìẹ ní, "Àmín."

Ìgò kan wà lójú fèrèsé yàrá náà, ìgò òróró tó ti gbẹ. Inú rẹ̀ ni Tanátaná ń gbé. Òjò ló lé e débẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò náà rọ̀, ó ti bẹ̀bẹ̀ kiri kó lè rí ibi forí pamọ́ sí. Agbọ́n ní ilé òun ti kún. Aláǹtakùn ní kó wọlé kíá, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò ó jọ ojú ẹni tí ebi ń pa. Ìyá Àyọ̀ká ló rí i tí ìyẹ́ rẹ̀ tutù rinrin, tó wí pé, "Káàbọ̀, ọmọ mi. Bọ́ sínú ìgò yẹn kí ìyẹ́ rẹ gbẹ."

Láti ìgbà náà ni Tanátaná ti fẹ́ràn obìnrin náà bí ìyá.

Tanátaná kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kì í sì í yára. Àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó tó tan iná ìdí rẹ̀, ilẹ̀ á ti mọ́. Kì í bínú sí wọn. Ó mọ̀ pé iná òun pẹ́ kó tó pọ́n, ṣùgbọ́n bó bá ti pọ́n, kì í ṣẹ́jú.

Ìgò rẹ̀ kò jìnnà sí ẹ̀rọ orin, etí rẹ̀ sì mú. Gbogbo ohun tí Abẹ́rẹ́ ń wí pátá ló ń gbọ́. Nígbà tó rí i tí Ìyá Àyọ̀ká di etí, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Áà! Orin tó dùn báyìí ni wọ́n fẹ́ fi kan ilé adìẹ?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá Àyọ̀ká lọ sí ìsọ̀. Ìyá Àyọ̀ká jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Tanátaná jáde sẹ́nu ìgò.

"Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Iṣẹ́ wo?" ni Abẹ́rẹ́ fi ìbànújẹ́ wí. "Èyí tí wọ́n fẹ́ fi lé mi jáde yìí?"

"Mo gbọ́ orin yín lánàá. Ó dùn mọ́ mi."

Abẹ́rẹ́ gbórí sókè. Látìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. "O gbọ́ ọ? Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Títí kan ibi tí akọrin ti rọra mí kó tó sọ pé 'jókòó.'"

Inú Abẹ́rẹ́ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ kúrò lórí àwo.

Gbohùngbohùn bú sẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Èmi tí mo tó báyìí kò gbọ́, kòkòrò inú ìgò ló gbọ́!"

"Ẹ̀gbọ́n Gbohùngbohùn, ẹ má bínú sí mi," ni Tanátaná wí. "Ẹ lágbára, kò sí ẹni tó lè bá yín du ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó máa dúró láàárín yín lẹ kò ní. Orin máa ń tín-ín-rín nígbà tó bá ń jáde lára àwo, ó sì máa ń tutù. Bó bá dé ọ̀dọ̀ yín bẹ́ẹ̀, ẹ kò ní rí i dì mú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà á. Màá fi iná mi mú un lọ́ wọ́rọ́, màá jẹ́ kó lẹ́ran díẹ̀ lára, kí n tó gbé e lé yín lọ́wọ́."

"Èmi! Kí n máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu kòkòrò!"

Adìẹ ń kọjá lọ lẹ́nu ọ̀nà lásìkò náà. Ó wo Gbohùngbohùn látòkè délẹ̀. "Pákó yìí dára o," ló wí. "Ibí ni màá yé ẹyin sí."

Gbohùngbohùn yíjú sí Tanátaná. Ó ní, "Ó dáa. Kí lo fẹ́ gbà fún iṣẹ́ náà?"

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́," ni Tanátaná wí. "Iná mi kì í yára. Kí ẹ tó ní kí n kọrin, ẹ fún mi láyè kí n pọ́n. Ẹ má fi ipá mú mi."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

"Mo gbà," ni Gbohùngbohùn wí.

Ó wá ku bí ìgò ṣe máa ti ojú fèrèsé dé àárín wọn. Wọ́n pe Ológbò. Ológbò ní òun kì í ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí Ológbò fẹ́ràn tó kó fọwọ́ ti nǹkan kúrò ní àyè rẹ̀, kó máa wo bó ṣe máa ṣubú. Ó ti ìgò náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún tì í, ìgò sì bọ́ kẹ́rẹ́ sórí tábìlì tí ẹ̀rọ orin wà, láàárín Abẹ́rẹ́ àti Gbohùngbohùn, kò fọ́. Ojú Ológbò fà ro, ó bá tirẹ̀ lọ.

Tanátaná wọ inú ìgò, ó ká ìyẹ́ rẹ̀ kò. Wọ́n dúró. Ìdí rẹ̀ kọ́kọ́ dúdú. Lẹ́yìn náà ó wá ní àwọ̀ bí ẹyìn ọ̀pẹ tí kò tíì pọ́n tán. Nígbà tó ṣe, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹyin iná nínú eérú, gbogbo ìgò sì mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́," ló wí, "ó yá."

Abẹ́rẹ́ sọ orin sí i létí. Tanátaná gbà á, ó yí i nínú iná, ó gbé e fún Gbohùngbohùn. Gbohùngbohùn dì í mú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Kò sí ìdí tó fi máa pariwo mọ́. Ó la ẹnu, ohùn akọrin sì jáde, ó gbóná, ó yí kébé, bí ẹni pé èèyàn ló jókòó sórí àga.

"Olùfẹ́ mi, jókòó, ká jọ gbádùn."

Ní ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ Ìyá Àyọ̀ká dúró lórí ẹ̀gúsí. "Ta ló wà nínú ilé?" ló ké. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó, mò ń bọ̀!" Ó rò pé àlejò ni. Ó mú ọ̀pá, ó tiro wọlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ìgò pupa kan ló rí lórí tábìlì, orin sì ń jáde lẹ́bàá rẹ̀.

Ó jókòó. Omi yọ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì yọ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí Bàbá Àyọ̀ká ti ìsọ̀ dé, ó bá ìyàwó rẹ̀ lórí àga tó ń fi èjìká jó. Ẹ̀gúsí ti wà lẹ́nu adìẹ. Kò sí ẹni tó bìkítà. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Ó jókòó tì í, wọ́n jọ ń gbọ́ orin títí oúnjẹ alẹ́ fi pẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìrọ̀lẹ́ ṣe wá dùn nínú ilé náà. Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe ọdún tàbí ìgbéyàwó. Wọ́n á kàn jẹun tán, wọ́n á ní kí Tanátaná rọra pọ́n, wọ́n á sì gbọ́ orin bí ọba.

Òkìkí kàn. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, àwọn aládùúgbò yà wọlé nírọ̀lẹ́ láti wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Yàrá kún. Wọ́n ń yẹ Gbohùngbohùn wò, wọ́n ń fọwọ́ pa á lára. "Ohùn yìí mà dáa o!" ni wọ́n ń wí. "Àpótí yìí gbayì!"

Orí Gbohùngbohùn wú. Ó gbàgbé ilé adìẹ. Ó gbàgbé Tanátaná pẹ̀lú. Nígbà tó rí i tí àwọn ènìyàn ti dákẹ́ tí wọ́n ń retí, ó ní, "Tanátaná, kọrin!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì pọ́n."

"Ènìyàn ń dúró! Ṣé ìwọ ni wọ́n wá wò ni? Kọrin báyìí!"

Ó mi tábìlì. Ẹ̀rù ba Abẹ́rẹ́, ó ju orin sínú ìgò. Tanátaná gbìyànjú láti gbà á, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ṣì tutù. Orin náà wúwo jù fún un. Ó ṣe kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó ṣe ṣìì, ó ṣe pàú. Ìgbà náà ni iná kékeré tó wà nídìí rẹ̀ kú. Tanátaná ṣubú sí ìsàlẹ̀ ìgò, kò mira mọ́.



Ẹnìkan ní, "Ṣé kò ju báyìí lọ náà ni?" Òmíràn ti ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gbohùngbohùn la ẹnu gbàgàdà, ohunkóhun kò jáde níbẹ̀.

Ìyá Àyọ̀ká dìde láìmú ọ̀pá. Ó gbé ìgò náà lọ́wọ́ méjèèjì, ó gbé e mọ́ àyà. "Ọmọ mi," ló wí, "ọmọ mi, ta ló ní kí o yára?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí sí ìgò náà, ó ń fọwọ́ pa á, ó sì ń fi ohùn ìyá tó ń pọnmọ kọrin:

*Rọra, rọra, iná ò fẹ́ ipá,*
*Rọra pọ́n.*
*Ọbẹ̀ tó dùn, sùúrù ló pa á,*
*Rọra pọ́n.*
*Mo ti jókòó, mi ò rebì kan,*
*Rọra pọ́n.*

Bàbá Àyọ̀ká gbè é. Ẹni tó ń wá bàtà gbàgbé bàtà, òun náà gbè é. Gbogbo yàrá ń wí pé, "Rọra pọ́n." Láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ohùn kan jáde tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Ohùn Gbohùngbohùn ni, ṣùgbọ́n kò pariwo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kéré tó ti Abẹ́rẹ́.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́," ló wí. "Mo dá àdéhùn, mo sì yẹ̀ ẹ́. Èmi kò tó nǹkan láìsí ìwọ. Pọ́n nígbà tó bá wù ọ́. Màá dúró."

Wọ́n dúró. Ìyá Àyọ̀ká kò gbé ìgò sílẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó rí ohun kan tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ ìgò, tó pupa.

"Ó ń mí!" ló ké.

Ìpọ́n náà gbilẹ̀. Ó gun ara ìgò bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi mọ́ sójú gbogbo ènìyàn. Tanátaná dìde jókòó. Ó wo ojú gbogbo wọn, ó rí i pé kò sí ẹni tó ń kánjú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́, ó yá."

Orin tó jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn tó gbọ́ ọ kò rí ohun tí wọ́n lè fi wé. Àwọn àgbà mira lórí àga. Adìẹ pàápàá wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó mi orí. Ìyá Àyọ̀ká gbá ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó jó díẹ̀ lórí ìdúró, orúnkún rẹ̀ kò sì ráhùn.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Tanátaná pe Ìyá Àyọ̀ká. "Ìyá mi, ẹ bá mi dí ẹnu ìgò yìí," ló wí. "Afẹ́fẹ́ ló máa ń jẹ́ kí n tètè tutù. Mo ti rí iṣẹ́ tó bá mi lára mu. Ibi tí wọ́n ti ń dúró de èèyàn, kí ló dé tí èèyàn á fi kúrò níbẹ̀?"

"Bó bá wá rẹ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Bó bá rẹ̀ mí, ẹ yọ mí jáde, kí n lọ sinmi nínú koríko. Àbúrò mi á wọlé rọ́pò mi. A pọ̀ nílé."

Ìyá Àyọ̀ká fi ìda dí ẹnu ìgò, ó fi aṣọ nù ún kó máa dán.

Láti ọjọ́ náà ni ìgò kékeré ti ń jókòó nínú ẹ̀rọ orin, láàárín ibi tí orin ti ń wá àti Gbohùngbohùn tó ń gbé e síta. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kì í kọrin lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ pọ́n ná. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á fa àga, á bu omi mu, á béèrè àlàáfíà ará ilé títí yóò fi yá. Bí ìgò kan bá sì gbó, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn sí i.

Láti ọjọ́ náà náà sì ni àwọn tanátaná ti máa ń wá sí ojú fèrèsé wa nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí wọn, ẹ má lé wọn. Ẹbí wọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n wá kí. Ẹ ó sì ṣàkíyèsí pé wọn kì í dún rárá: orin ni wọ́n ń gbọ́.